Ọ́ìlì ń pọ̀ sí i dípò kó dín: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa ní Bàrígà

Wákàtí 174

Aago kékeré tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ ni mo fi ń ka ọjọ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ọkọ̀ fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 19 ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ rà á ní àlòkù, ẹ́ńjìnnì four-stroke (irú tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí wọn kì í pò ó mọ́ pẹtiróòlù) alágbára ẹṣin 60 ló wà ní ìdí rẹ̀. A kì í fi kó èrò. Ọjọ́ Àìkú la máa ń fi gbé àwọn ọmọ àti ìyá wọn lọ sí Tarkwa Bay, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti padà. Èbúté àwọn Ìlàjẹ ní Bàrígà la so ó mọ́, bàbá apẹja kan ló ń bá wa ṣọ́ ọ.

Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ láàárọ̀ yìí kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè. Mo nù ún, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ, bákan náà ni. Lóṣù tó kọjá, àárín àmì méjèèjì ló wà, ó kàn sún mọ́ òkè díẹ̀ ni. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà yẹn, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ́ńjìnnì wa kì í jẹ ọ́ìlì rárá. Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan kún un látìgbà náà. Ọ́ìlì kì í bímọ. Bó bá ń pọ̀ sí i, nǹkan mìíràn ló wọlé tọ̀ ọ́, nǹkan ọ̀hún kò sì lè ju méjì lọ: omi, tàbí pẹtiróòlù.

Mo gbé géèjì sún mọ́ imú. Òórùn pẹtiróòlù gbà mí nímú kedere. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ra ọ́ìlì náà, kò fà mọ́ra, ó ń yọ̀ ṣùlù bí omi ọṣẹ. Mo wá tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ inú ìdérí náà, ó funfun, ó pọ́n díẹ̀, ó sì ki bí ògì tí wọn kò tíì po.

A kò kúrò ní èbúté lónìí. Àwọn ọmọ ti wọ ẹ̀wù omi wọn tán, àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí a fi délé. Ó dùn mí, àmọ́ ọ̀nà Tarkwa Bay gba àárín ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń wọ Àpápá. Ibẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń wá kí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Wákàtí 174, lálẹ́ ọjọ́ kan náà

Mo bu ọ́ìlì díẹ̀ wálé. Mo kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun tó máa ń mu omi, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Àárín rẹ̀ dúdú, òrùka fífẹ̀ kan tó mọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sì yí i ká. Òrùka yẹn, pẹtiróòlù ni. Mo gbé ṣíbí irin kan gbóná lórí iná, mo mú un jáde síta kúrò nítòsí iná pátápátá, mo wá kán ọ́ìlì lé e. Bí omi bá wà nínú ọ́ìlì, yóò ta pàrà-pàrà. Ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ nìyẹn. Ká ní gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló fọ́ tí omi ọ̀sà ń wọlé, gbogbo ọ́ìlì ni ì bá funfun, kì í ṣe inú ìdérí nìkan.

Mo pe mẹkáníìkì tó pààrọ̀ ọ́ìlì náà kẹ́yìn, ní wákàtí 136.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ́ìlì wo lẹ dà sí i níjọ́sí?”

“20W-50 ni, àbúrò. Ti mọ́tò. Èkó yìí gbóná, ọ́ìlì tó bá ki ló lè dúró níbí.”

Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nìyẹn. Èmi náà gbà á gbọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Wákàtí 174, ọjọ́ kẹta: a tú u dànù

A gbé ẹ́ńjìnnì náà dúró ṣánṣán, nítorí bó bá dagun, ọ́ìlì kò ní jáde tán, géèjì pàápàá yóò sì purọ́. Mo tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́, mo pa á, mo dúró díẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Mo gba ohun tó jáde sínú ike tí wọ́n fàlà lítà sí lára. Lítà 2 ni mẹkáníìkì dà sí i, mo wà níbẹ̀. Lítà 2.3 ló jáde.

Mo jókòó sí etí ọkọ̀, mo ń wo ike náà. Láàárín wákàtí 38, pẹtiróòlù tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lítà kan ti rìn gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìn kọjá lọ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó yẹ kó máa dáàbò bo béárì ẹ́ńjìnnì wa ti di àdàlù.

Kò sí ẹ̀kán kan tó kán sínú ọ̀sà. Mo fi àkísà yí ẹnu ihò náà ká kí n tó tú u, nítorí ẹ̀kán ọ́ìlì kan péré máa ń tàn ká ojú omi bí aṣọ àrán, ibẹ̀ sì làwọn tó yí wa ká ti ń pa ẹja tí wọ́n ń jẹ. Káfíńtà kan tó ń ṣe dẹ́kìn ilé lọ́nà Akọkà gba kọ́ńdẹ́ḿ ọ́ìlì náà, wọ́n máa ń fi kun pákó kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kìlọ̀ fún un pé pẹtiróòlù wà nínú rẹ̀, kó má gbé e sún mọ́ iná.

Yíyan ọ́ìlì tuntun

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ka ìwé ẹ́ńjìnnì náà, mo sì banú jẹ́ pé látìgbà tá a ti ra ọkọ̀, inú ọ̀rá ni ìwé ọ̀hún wà. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ọ́ìlì four-stroke ti ọkọ̀ ojú omi, tó ní àmì FC-W, 10W-30 ló kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì gba 20W-40 láyè níbi tí ooru bá pọ̀. Kò sí 20W-50 níbẹ̀ rárá.

Mo fẹ́ kó yé mi ìdí. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, òtútù tí Èkó kò mọ̀: 10W, ìwọ̀n 25 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán an wò. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe ki sí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 100. Nítorí náà, oòrùn tó ń pa wá lórí kọ́ ni nọ́ńbà kejì ń bá wí, ooru inú ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 30, àlàfo tó wà láàárín irin àti irin nínú rẹ̀ tín-ín-rín. Bí o bá da 50 sí i, tó o tan án láàárọ̀, yóò pẹ́ kí ọ́ìlì tó gòkè dé orí. Bí ọ́ìlì méjèèjì bá wà ní ìwọ̀n 40, 20W-50 ki ju ìlọ́po méjì 10W-30 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀n 40 yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Àmì FC-W ni mo tún wá lọ wádìí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, NMMA, ló gbé e kalẹ̀ ní 2004 fún ẹ́ńjìnnì four-stroke. Kí wọ́n tó fún ọ́ìlì kan ní àmì yìí, wọ́n á kun irin pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á gbé irin ọ̀hún sínú ìkùukùu omi iyọ̀, wọ́n á wá wo bó ṣe dógùn-ún tó. Wọ́n tún ń wò ó bóyá yóò hó ìfófòó, bóyá yóò dí fílítà bí omi bá dà pọ̀ mọ́ ọn, bóyá kíki rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn iṣẹ́ líle. Ìdánwò ìpẹtà yẹn ló mú mi lọ́kàn jù. Mọ́tò máa ń jáde lójoojúmọ́. Ọkọ̀ wa lè dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí omi, nínú ọ̀rinrin, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ òkun sì ti gòkè wọ ọ̀sà. Ọ́ìlì tó bá ṣàn kúrò lára irin ti fi irin náà lé ìpẹtà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ wọn pàápàá yàtọ̀. Mọ́tò tó ń lọ lójú títì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sábà kọjá 2,500 yíyí níṣẹ́jú kan. Tiwa, bá a bá ti kọjá Marina tá a ṣí i, 5,000 ló máa wà títí a ó fi dé.

Ní ọjà, oríṣiríṣi ni wọ́n nà sí mi. Ọ̀kan ní kí n gba ti ọ̀kadà, ó ní four-stroke ṣáà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àmì JASO MA tó wà lára rẹ̀, nítorí kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ni, ẹ́ńjìnnì wa kò sì ní irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Òmíràn gbé 15W-40 ti dísù wá. Òmíràn, tó gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni, sáré gbé TC-W3 jáde. Ibi tó léwu jù nìyí, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ gbọ́ ọ. TC-W3 jẹ́ ti two-stroke, irú èyí tí bàbá apẹja wa ní. Inú pẹtiróòlù ni wọ́n ń pò ó mọ́, lítà 1 sí 50, ìyẹn ààbọ̀ lítà sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ó sì ń jóná lọ pẹ̀lú epo. Ẹni tó bá dà á sínú ikùn four-stroke ti gbé ohun tí wọ́n ṣe láti jóná síbi tí wọn kò fẹ́ kó jóná. Àwọn kan lẹ́bàá wa sì ń ṣe òdìkejì rẹ̀, wọ́n ń fi ọ́ìlì mọ́tò po epo two-stroke nítorí pé ó dínwó. Eérú tó wà nínú ọ́ìlì mọ́tò kì í jóná tán, orí pulọ́ọ̀gì àti písítìn ló ń kó jọ sí.

Ní Lagos Island ni mo ti rí FC-W 10W-30. Agolo àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, òrùka ìdérí rẹ̀ ti já, ẹnìkan sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Mo dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lára èkejì, òrùka rẹ̀ kò já, nọ́ńbà ìṣelọ́pọ̀ rẹ̀ hàn, kò sì ṣeé fi èékánná ha kúrò. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti mọ́tò. Wọ́n ní olówó gọbọi ti synthetic wà, n kò rà á: ẹ́ńjìnnì tí yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì lemọ́lemọ́ kò nílò ọ́ìlì tó lè gbé ọdún méjì.

A dà á, a pààrọ̀ fílítà, a fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì dúró sí àárín àmì méjèèjì.

Wákàtí 182

Ó tún ti gòkè. Kò pọ̀, kò ju fífẹ̀ orí ìṣó kan lọ, ṣùgbọ́n ó gòkè. Òórùn pẹtiróòlù ti padà.

N kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ọ́ìlì tó tọ́ ti wà nínú rẹ̀, ohun kan náà ló ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá ríìngì ló ti jẹ, ká múra láti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Owó tí ìyẹn máa gbà kò sí lọ́wọ́ wa.

Bàbá apẹja wa ló là wá lójú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ojú omi, a gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì sókè, ni bàbá bá sún mọ́ wa, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé orí ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ tó le bí èèpo igi ni, okùn àwọ̀n ti la ilà sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Wọn kò gbé e kúrò.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì yín mà tutù, ọmọ mi. Tèmi, n kò lè fọwọ́ kàn án báyìí.”

Mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láti òkèèrè jáde, irú èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lásìkò Kòrónà. Ìwọ̀n 41. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ jẹ́ 29.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ ooru la ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òtútù ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì yìí. Omi inú mọ́tò ń yí po nínú ládíétọ̀ ni, ìwọ̀n 80 sí 90 ló sì máa ń wà. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ń fa omi ọ̀sà wọlé, ó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ń tọ̀ ọ́ dànù. Tamositáàtì ló ń dá omi yẹn dúró díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè dé nǹkan bí ìwọ̀n 60. Wọn kò sì jẹ́ kó gbóná tó ti mọ́tò, kí iyọ̀ má baà dì sínú ọ̀nà omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹtiróòlù kò ní jóná tán, yóò di omi padà sára ògiri sìlíńdà, yóò ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì lọ sísàlẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ooru á lé èyí tó bá bọ́ síbẹ̀ jáde. Nínú tiwa, ó ń jókòó síbẹ̀.

Ọ̀nà tá à ń gbà tún dá kún un. Láti Bàrígà, àárín etí omi àti afárá Third Mainland la máa ń gbà, a ó kọjá iwájú Mákòkó, jẹ́jẹ́ la sì gbọ́dọ̀ lọ. Àwọ̀n wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń tajà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wà níbẹ̀, ìgbì wa lè dojú ọjà wọn dé. Títí a ó fi gba abẹ́ Carter Bridge àti Eko Bridge, ó tó ìṣẹ́jú 45 tí ẹ́ńjìnnì kì í kọjá 1,200. Àkókò yẹn gan-an ni tamositáàtì nílò láti ṣiṣẹ́.

Wákàtí 183

Mo tú ilé tamositáàtì. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ló dè é. Òfìfo ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnìkan ti yọ tamositáàtì náà ká tó ra ọkọ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí i padà dáadáa.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ́tò nílùú wa ló ń yọ ọ́, wọ́n ní orílẹ̀-èdè tó gbóná kò nílò rẹ̀. Èrò kan náà tó yọ tamositáàtì ló da 20W-50 sínú ẹ́ńjìnnì. Ní ìwọ̀n 41, ọ́ìlì yẹn ki ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ́ńjìnnì ń retí lọ, àfi nígbà tí pẹtiróòlù bá ti wọlé tó tó láti sọ ọ́ di omi. Ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n fi ṣe é.

Mo ra tamositáàtì tuntun. N kò fi í sí i láìdán an wò. Mo fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, mo ń wọn ooru omi náà bó ṣe ń gòkè. Ìwọ̀n 50, ó dé pinpin. 56, ó dé. Ní 60, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní 70, ó ti là gbàragada. Ìda kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yọ́ tó sì ń ti irin sókè. Mo gbé e kúrò nínú omi, ó sì padé jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ pe jọ wò ó, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ha iyọ̀ tó ti dì sínú ilé rẹ̀ kúrò, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ní èbúté, orí rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 61. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, wọ́n yára gbé e kúrò, wọ́n sì mi orí.

Mo tún da ọ́ìlì wákàtí mẹ́sàn-án náà nù, mo da FC-W 10W-30 mìíràn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ìnáwó yẹn ti pọ̀ jù. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká má fi àdàlù bẹ̀rẹ̀ ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Wákàtí 190

Gíà ọ́ìlì, kí n kọ èyí náà síbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ nítòsí pùròpẹ́là yàtọ̀ pátápátá, SAE 90 ni ìwé pè fún. Èyí tá a tú jáde ti di bí tíì oní-mílíìkì: omi ti wọlé. A bọ́ pùròpẹ́là, a sì bá okùn ọ̀rá àwọ̀n ẹja tó ti lọ́ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ títí ó fi gé ọ́ìlì síìlì. Mẹkáníìkì wa pààrọ̀ síìlì náà, iṣẹ́ tó mọ́ ni wọ́n ṣe. Láti ihò ìsàlẹ̀ la ti ń ti ọ́ìlì tuntun wọlé títí yóò fi yọ ní ti òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀.

Wákàtí 233

Àádọ́ta wákàtí ti pé. Ìwé sọ pé 100, tàbí ọdún kan. Àádọ́ta ni mo mú, nítorí ìṣẹ́jú 45 iwájú Mákòkó yẹn kò yí padà. Bá a bá ti kọjá Eko Bridge báyìí, a máa ń ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán kó lè gbóná dáadáa.

Mo tú ọ́ìlì sínú ike kan náà. Ó dúdú, ó fà mọ́ ìka, òórùn ọ́ìlì nìkan ló ní. Inú ìdérí mọ́. Ó dín díẹ̀ sí lítà 2.

Mo mú máákà, mo kọ ọ́ sí inú ìdérí ẹ́ńjìnnì níbi tí mẹkáníìkì yòówù tó bá ṣí i yóò ti kọ́kọ́ rí i: “FC-W 10W-30, wákàtí 233. Tamositáàtì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́.”